Mo-Ti-Wí Orí Àga Onígbàjámọ̀

Bí ìbò bá ti ń súnmọ́ ní South Africa, tí ẹ sì ya ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ọmọ Nàìjíríà kan ní Yeoville tàbí Hillbrow lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó bá Bọ̀dá Mo-Ti-Wí níbẹ̀. Kò wá gẹrun. Orí rẹ̀ ti pá láti ayé Ààrẹ Mbeki. Àmọ́ àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tirẹ̀ ni, ibẹ̀ ló sì ti ń tún Johannesburg ṣe.

Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ìwé ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbà á láyè níbí, Nàìjíríà náà kò sì tíì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun dìbò níbi tí wọ́n wà. Ẹnu rẹ̀ ni ìbò rẹ̀, ó sì ń dì í láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹni tó ń bá jà jù ni Helen Zille. Láti ìbò gbogbogbòò ọdún 2009 ló ti fi í sẹ́nu, nígbà tí obìnrin náà ń darí ẹgbẹ́ òṣèlú DA, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ibí kà sí ti àwọn funfun olówó, ohun yòówù kó máa pe ara rẹ̀. Ìbò 2014 dé, ó tún gbé e. Nígbà tí DA wá kéde ní Soweto ní oṣù September 2025 pé Zille ni yóò du ipò méyọ̀ Johannesburg, inú Bọ̀dá dùn bí ìyá ọlọ́jà tí ẹrù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ẹ jókòó tì í kí ẹ gbọ́ ẹ̀sùn. Àkọ́kọ́ ni ijó. Zille a máa jó níbi ìpolongo, a sì máa kọrin Xhosa. Bọ̀dá á dìde, á na apá méjèèjì síwájú gbagidi, á máa ta ẹsẹ̀ bí kò ṣe bá ìlù mu, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń jó báyìí ló fẹ́ ṣèjọba!" Bẹ́ẹ̀ Jacob Zuma jó dé ipò ààrẹ lọ́dún 2009 yẹn kan náà. Ti ìyẹn, Bọ̀dá ní àṣà ni. Lẹ́yìn ijó, ó kan ọjọ́ orí. Ọdún 1951 ni wọ́n bí Zille, ó yẹ kó ti máa gbọ́mọ pọ̀n nílé. Ọdún kan péré ló fi ju Ààrẹ Tinúbú lọ, bí a bá gba ohun tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í gbó. Ta ló wá ń se oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì lọ́kọ ọ̀hún, a ò sì gbọ́ pé ó wá fẹjọ́ ebi sùn ní Yeoville rí.

Ká má purọ́, kì í ṣe Bọ̀dá ló dá irú ẹ̀sùn báyìí sílẹ̀. Ní 2009, Julius Malema, olórí àjọ ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ANC nígbà náà, pe Zille ní ọmọdébìnrin ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Lóṣù May ọdún yẹn, Zille di olórí ìjọba Western Cape, ó yan kọmíṣọ́nnà mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ọkùnrin. Ẹ̀ṣẹ̀ rèé lórí tábìlì, tí kò fẹ́ ẹlẹ́rìí. Kí ni àjọ ọ̀dọ́ ANC wí? Wọ́n ní àlè rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ di ti bẹ́ẹ̀dì. Ta ló tún ráyè bèèrè ibi táwọn obìnrin wà?

Irú ojú rere tí Bọ̀dá náà ń ṣe fún un láìmọ̀ nìyẹn. Ní 2012, Zille pe àwọn ọmọ iléèwé tó ti Eastern Cape wá sí Western Cape ní ogúnléndé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ tó wà nínú orílẹ̀-èdè wọn. Ogúnléndé! Ẹni tó ń gbé Yeoville yẹ kó dìde lórí àga fún ìyẹn. Bọ̀dá kò gbọ́ ọ rí. Kò sì gbọ́ pé ní 1977, nínú ìwé ìròyìn Rand Daily Mail nílùú yìí gan-an, Zille ló tú irọ́ ìjọba pé àìjẹun ló pa ajìjàgbara Steve Biko. Ẹ̀ṣẹ̀ àti oore, kò mọ ìkankan. Ijó ló mọ̀.

Kò kórìíra obìnrin o, ó máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rẹ̀mí Ṣónáíyà jáde du ipò ààrẹ Nàìjíríà ní 2015, òun nìkan lóbìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́tàlá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bọ̀dá bi wá: "Ọkọ rẹ̀ gbà?"

Ní Sátidé kan báyìí, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gẹrun níbẹ̀ pa ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ijó sílẹ̀. Ohun tó kọ sórí Twitter ní 2017 ńkọ́, pé kì í ṣe gbogbo ohun táwọn amúnisìn fi sílẹ̀ ló burú, pé ká wo ilé ẹjọ́, ká wo ọ̀nà, ká wo omi ẹ̀rọ? Ẹ ò ṣe fi ìyẹn bá a wí?"

Bọ̀dá rò ó díẹ̀. "Ìyẹn kẹ̀? Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn. Ta ló ṣe rélùwéè láti Èkó dé Kánò? Ta ló fa omi Ìjù? Màmá yẹn gbọ́n, ẹ má pè é ní òmùgọ̀." Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó tún na apá síwájú. "Ijó yẹn ni mi ò lè gbà."