Ìjàpá, Olùṣọ́ Àká

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó. Kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè, kò dá lórí ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ mẹ́wàá ń fọn fèrè tẹ̀ lé lẹ́yìn. Ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ẹni tó bá rí ojú ẹlòmíràn níbẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Èmi kọ́ ni mo fi hàn án.

Ní ìgbà kan, ní ìlú àwọn ẹranko, àká ńlá kan wà láàrin ọjà. Iṣu gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ wọn lọ́ràá. Epo ń sun jáde láti abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kì í gún ẹyìn kí wọ́n tó rí i bù. Síbẹ̀, ìlú náà jẹ gbèsè. Àwọn olùṣọ́ àká ìgbà àtijọ́ ló ti yá iṣu lọ́wọ́ Erin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè odò. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ. Èlé ń gun èlé. Nígbà tí wọn yóò fi kà á, ó ti di agbọ̀n 30.

Àdàbà ni wọ́n rán lọ bẹ̀ ẹ́. Ó mọ ìṣirò, ó sì mọ ẹ̀bẹ̀. Ó jókòó ti Erin títí Erin fi rọ̀. Erin ní òun fi 18 jì wọ́n, kí wọ́n san 12 tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tú àpò, wọ́n san án. Ọjọ́ náà, ìlú jó. Ìgbín pàápàá jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

Ìgbà tó yá, ipò olùṣọ́ àká ṣófo. Ìjàpá jáde. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́, ó lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó fún Ọ̀yà ní ìrẹsì kóńgò kan. Ó fún Òkété ní ìrẹsì kóńgò kan. Ó bá ọmọ Ẹtu kọ orin, ó bá ìyá Ẹtu sunkún. Ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá di olùṣọ́ àká.

Kò pẹ́ tó fi pe ìpàdé. Ó ní ẹ̀gbin ni kí ìlú ńlá máa fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ní a ó ṣe ọ̀nà onírin. Ọ̀nì tó wà ní ìsàlẹ̀ odò yóò yá wa lówó, àwọn ọmọ Ọ̀nì yóò bá wa ṣe é. Kí a ṣáà fi ọwọ́ tẹ̀wé.

Ó tẹ́ ewé gbòdògì sílẹ̀. Ó gbé ìkòkò aró kalẹ̀. Olúkúlùkù ti ọwọ́ bọ aró, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ewé. Àparò nìkan ló yí ewé náà padà. Ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún nǹkan wínníwínní.

"Baba, kí ni wọ́n kọ síbí?"

Ìjàpá ní, "Àparò ọmọ mi, iṣan ewé ni."

Ló bá dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ará ìlú, ẹ fọwọ́ tẹ̀wé o
Ègbè: A ó jọ san án
Lílé: Mo fẹ́ yáṣu díẹ̀ kún àká o
Ègbè: A ó jọ san án
Lílé: Ẹni bá jẹ, ẹni ò jẹ o
Ègbè: A ó jọ san án
Lílé: Ọmọ inú oyún, ọmọ inú ẹyin
Ègbè: A ó jọ san án

Orin náà dùn. Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ Ìjàpá o. Ọ̀nà onírin náà dé. Ẹtu gùn ún, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lójú, ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni yíyá ti di oúnjẹ fún Ìjàpá. Ó yá láti tún afárá ṣe, a kò rí afárá. Ó yá láti san owó oṣù. Ó yá lọ́wọ́ Ìkookò láti san ti Ọ̀nì, ó yá lọ́wọ́ Àmọ̀tẹ́kùn láti san èlé Ìkookò. Tó bá ti yá tuntun, a dá orin. Ìlú a gbè é.

Nígbà tí àwọn ará òkè odò ń lọ́ra láti yá a sí i, ó wọ inú àká lóru, ó kó iṣu tí ìlú fẹ́ gbìn. Ó já ewé, ó kọ "iṣu kan" sí i, ó fi ewé sí ibi tí iṣu wà. Ó tún já ewé sí i, ó pín in fún àwọn òṣìṣẹ́. Inú wọn dùn, ewé pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kó ewé dé ọjà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ewé kan ra iṣu kan. Nígbà tó yá, ewé mẹ́wàá kò ra orí iṣu. Ìyá Òkété gbé agbọ̀n ewé lọ sọ́jà, ó fi ọwọ́ kan gbé ohun tó rà bọ̀ wálé.

Ẹ rántí epo tó ń sun nílẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àká ti ń dín owó rẹ̀ kù fún ìlú. Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá gun orí àga láti kí ìlú. Kò tíì kí wọn tán tó fi ní, "Ẹ̀dínwó epo ti lọ!" Ó lọ lóòótọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó gígun ẹ̀yìn Ẹṣin ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ìlú ké. Ìjàpá ní kí wọ́n fara dà á, kí wọ́n fún ìgbànú mọ́ra, ọ̀la yóò dára. Ó pín gààrí ìtura, ife kan fún ilé kan. Àgbọ̀nrín tò sórí ìlà títí oòrùn fi wọ̀, nígbà tó kàn án, gààrí tán. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìjàpá ra ọkọ̀ ojú omi tuntun, onítìmùtìmù, fún iṣẹ́ ìlú ni o. Nínú iṣu 100 tó bá wọ àká, 96 ń bá gbèsè lọ. Mẹ́rin tó kù, ẹ bi Yánníbo.

Ìgbà náà ni àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Lékèélékèé ló kọ́kọ́ fò. Odídẹrẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé tẹ̀ lé e. Ológìnní ta ẹní, ó ta àwo, ó wá ọ̀nà. Ìgbín ti lọ tipẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀wé ló ti mú ọ̀nà pọ̀n. Àwọn tí kò rówó ọkọ̀ sá wọgbó.

Ọjọ́ pé. Ọ̀nì gòkè láti inú odò. Ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà àká bí àwọn òṣómàáló ìjọ́sí. Ó ní òun yóò gba owó òun kí òun tó dìde. Ìjàpá ṣí àká fún un. Ewé ló kún ibẹ̀.

Ọ̀nì fa gbòdògì yọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kà á sókè: "Bí a kò bá rí san, kí Ọ̀nì kó ilé tó bá bá nínú ìlú, kó sì mú onílé ní ìwọ̀fà."

Ó dé ilé Ẹtu, kò sẹ́ni. Ó dé ihò Òkété, òfo. Ó gbójú sókè sí ìtẹ́ ẹyẹ, ìyẹ́ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Ilé tí onílé ṣì wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìlú kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀yìn Ìjàpá ló sì wà. Ìjàpá fẹ́ bọ́ ọ sílẹ̀, kò bọ́. Ó fẹ́ sá, iṣu tó jẹ sínú kò jẹ́ kó lè sá. Ọ̀nì nawọ́ gan ilé, onílé bá a lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ kọjá lẹ́bàá igbó, Ìjàpá rí ojú àwọn ará ìlú láàrin ewé. Ó dá orin:

Lílé: Ará ìlú, ẹ má jẹ́ n nìkan lọ o

Ó dúró de ègbè. Ó tún un dá. Àparò wúkọ́, kò gbè é.

Nígbà tí omi bo Ìjàpá tán, wọ́n jáde. Wọ́n gbá àká, wọ́n kó ewé dànù, wọ́n jókòó láti yan olùṣọ́ mìíràn. Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde, ó tún filà rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹ kú ìjìyà. Ó ní òun ti yẹ òrùlé àká wò, ó ń jò. Ó ní òun mọ Ìkookò kan, èlé rẹ̀ kò wọ́n, bí ìlú bá lè ṣáà...

Ọ̀yà ti mú òkò. Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sórí igi. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní rárá, òun ń gbọ́ wọn dáadáa láti òkè. Ibẹ̀ ló wà títí di òní.