Iyanrìn Tí Mo Fi Ogún Ọdún Gbá

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Onífọ́tò ni mí ní Ìkàrẹ́, láti ayé fíìmù tí à ń fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn. Ogún ọdún ni mo fi bá iyanrìn jà, àwọn tóótòòtó tó máa ń bo fọ́tò àtijọ́, títí mo fi jẹ gbèsè ra kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù. Fọ́tò mi wá mọ́ gaara!

Àfi bí arábìnrin kan ṣe gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ àgbà wọlé, ti 1974: "Bọ̀dá, irú èyí ni mo fẹ́, dúdú-àti-funfun, kí iyanrìn wà níbẹ̀!"

Mo ní fọ́tò irun dídì tí Ojeikere, onífọ́tò ẹgbẹ́ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 ńkọ́, dúdú-àti-funfun náà ni, ó sì mọ́ kedere. Ó ní iyanrìn lòun wí. Mo ní ká dúró di ìrọ̀lẹ́, ó ní ọ̀sán gangan, nínú léèsì funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba! Fíìmù a máa fojú fo oòrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tèmi yìí ò láàánú, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jó, ó jó nìyẹn, kò sóhun tí kọ̀ǹpútà máa rí bù níbẹ̀. Mo yà á bẹ́ẹ̀, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Mo fa àwọ̀ yọ, ojú ọmọ di eérú, mo gbé pupa sókè kí ara lè tàn, ara tàn lóòótọ́, ni gèlè pupa tó wé bá funfun báláú, ló bá figbe ta: "Bọ̀dá, gèlè mi pupa ni o!" Yéè! Nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun!

Mo da iyanrìn sí i, ó dà bíi kúrúnà. Mo rántí pé ti fíìmù kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn níbi tó dúdú kirikiri tàbí tó funfun jù, ibi eérú àárín ló ti ń hàn, ni mo bá ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, iná lọ, mo tún un ṣe, iná tún lọ!

Nígbà tó parí, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ó gbà á, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, irú iyanrìn yìí gan-an ni onífọ́tò ìjọ́sí dà sí mi lójú. N ò sanwó rẹ̀ dòní."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ki pọ́ọ̀sì bọ abíyá.