Ẹjọ́ Vulcan ní Pálọ̀ Wa

Ní Ìbàdàn, bí o bá wọ pálọ̀ ẹnikẹ́ni, ògiri ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Wàá rí fótò bàbá onílé nínú agbádá àti fìlà abetí-ajá. Wàá rí ti ọmọ tó gboyè jáde ní Ifẹ̀. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ ọ́ nígbà tí ìyàwó ilé wà ní ìlà kejì pẹ̀lú gèlè? Agogo tí wọ́n pín níbi ìnáwó òkú náà wà níbẹ̀, ojú olóògbé láàárín, tí ọwọ́ agogo sì ń gba orí imú rẹ̀ kọjá. Bí onílé bá ti dé Mẹ́kà, rọ́ọ̀gì Káábà á wà lókè àga. Kò sí ẹni tó wà lára ògiri yẹn tí ẹ ò lè tọpa ẹbí rẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, lanlọ́ọ̀dù ò fẹ́ gbọ́ ìró ìṣó. Ó wà nínú ìwé àdéhùn. Fótò bàbá mi, pẹ̀lú férémù àti gíláàsì rẹ̀, kò ṣeé fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Aṣọ ló ṣeé lẹ̀, bí mo ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn òrìṣà Gíríìkì àti Róòmù nìyẹn: ẹ̀dà aṣọ ara ògiri ayé àtijọ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sórí poliẹ́sítà, tí wọ́n ká sínú ọ̀rá ránṣẹ́ sí mi. Ó bo ibi tí ọ̀rinrin ti sọ ògiri di dúdú. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ náà ni, torí ara ògiri olókùúta ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ sí láàfin, kí òtútù má baà pa ọba.

Ojúlówó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ poliẹ́sítà. Òwú irun àgùntàn, sílíìkì àti fọ́nrán wúrà ni wọ́n fi ń hun ún. Mortlake létí odò Thames ni wọ́n ti hun èyí tí tèmi jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀wọ́ Vulcan àti Venus, fún Charles Kìíní nígbà tó ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. James Kìíní, bàbá rẹ̀, ló dá ilé ìhunṣọ náà sílẹ̀ ní 1619, tí wọ́n sì rọra kó nǹkan bí 50 ahunṣọ wá láti Flanders láìpariwo. Ará òkèèrè ni àwọn náà. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan ní Mortlake á ti bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ń padà sílé. Ní Faransé, nígbà tí ìjọba Louis Kẹrìnlá ra Gobelins ní 1662, ìtàn Alexander ni wọ́n hun níbẹ̀, àmọ́ gbogbo ayé mọ̀ pé Louis ni wọ́n ń kì.

Nígbà tí àǹtí mi wá láti Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́kọ́ bi mí ìdí tí igi inú àwòrán fi rí bí ẹni rì wọ́n sínú aró. Ní tòótọ́, aró wà níbẹ̀: wọ́n po aró àti àwọ̀ ìyeyè pọ̀ láti mú ewé jáde, ṣùgbọ́n ìyeyè ti ṣí lójú oòrùn, ó ku aró nìkan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò mọ̀yẹn, ó tẹ ohun tó bá. Ìbéèrè kejì le ju èyí lọ: “Kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí àgbàlagbà?”

Mo ní kí wọ́n má bínú. Ahunṣọ Mortlake, ẹ̀yìn aṣọ ló kọjú sí i, nítorí náà ọ̀tún á di òsì níwájú. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á ya gbogbo èèyàn rẹ̀ ní ọlọ́wọ́ òsì kí wọ́n lè bọ̀ sípò lórí aṣọ. Àwọn àwòrán irú bẹ́ẹ̀ tí Raphael yà, tí Charles rà ní 1623, ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé V&A ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ tèmi tún yí i padà sódì. Àǹtí mi ní kò sí àlàyé ibẹ̀, ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni.

Òyìnbó tó bá wọlé á ní àwọ̀ rẹ̀ dára, á jókòó, á mu tíì rẹ̀. Àwọn tiwa ò lè jókòó láìmọ ohun tó fà á. Mo wá ro ẹjọ́ náà bí Homer, akéwì Gíríìkì, ṣe rò ó. Vulcan, alágbẹ̀dẹ tó yarọ, fẹ́ Venus. Venus ń yan Mars, òrìṣà ogun, lálè. Oòrùn, tó ń rí gbogbo ilé láti òkè, lọ ṣòfófó. Vulcan rọ àwọ̀n tínínrín tí ojú ò lè rí, ó ta á sórí ibùsùn, ó ní òun ń rìnrìn àjò. Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀, wọn ò lè dìde mọ́.

“Mágùn!” ni Alhaja, tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá àǹtí mi wá, fi ariwo bọnu. “Àwọn náà ní in!”

Vulcan pe gbogbo òrìṣà wá wòran. Àwọn obìnrin ò yọjú nítorí ìtìjú. Ó ní òun ò ní tú wọn sílẹ̀ títí Jupiter, bàbá ìyàwó, yóò fi dá owó orí padà. Àǹtí mi dìde jókòó dáadáa, torí ẹjọ́ ti dé ibi tí wọ́n mọ̀: irú èyí ni wọ́n ń gbọ́ ní kóòtù Mápó. Wọ́n ní Mercury, ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà, dá sí i pé kí wọ́n fi ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀wọ̀n yẹn de òun, bí òun bá ti lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Venus. Ọkọ Alhaja rẹ́rìn-ín. Alhaja wò ó. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

(Ní ọjọ́ tí pásítọ̀ ń bọ̀, gèlè la fi bo Venus láti èjìká dé orúnkún. Pásítọ̀ yìn ín pé obìnrin náà mọ aṣọ ọ̀wọ̀ wọ̀.)

Neptune, òrìṣà òkun, nìkan ló bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí Vulcan tú wọn sílẹ̀, pé bí Mars ò bá san owó ìtanràn, òun á san án. Vulcan gbà, ó tú wọn. Mars sá lọ sí Thrace, Venus gba Paphos lọ. Ibẹ̀ ni Homer ti pa ìtàn náà tì.

Àǹtí mi, tó ti ṣe onídùúró rí fún ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, wo àwòrán náà pẹ́. “Ṣé Mars san án?”

Mo ní Homer ò sọ.

“Kò san án,” ni wọ́n wí, wọ́n sì nawọ́ ọ̀tún sí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. “Ìyá ẹ̀ ò kìlọ̀ fún un ni?”