Ẹ Bá Mi Bi Ìyàwó Mi Léèrè

Ẹ̀yin tí ẹ ná owó mọ́ wa lórí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mo ní láti jíyìn fún yín. Ẹ̀yin àǹtí tí ẹ ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tí ẹ jó títí bàtà fi já, ẹ fọkàn balẹ̀, a kò ná owó yín ní ìnákúnàá. Àgọ́ la fi rà. Àgọ́ aláṣọ, aláwọ̀ ewé, tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ rákò kó tó lè wọlé sùn. A fi ìyókù ra bàtà tí wọ́n ní omi kì í wọ̀ (omi wọ̀ ọ́), a ra sítóòfù onígáàsì kan tí kò tóbi ju ife tíì lọ, a sì wa ọkọ̀ láti Leeds lọ sí ìpẹ̀kun àríwá Scotland, níbi tí ilẹ̀ ti tán tí òkun ti gbà á, láti lọ jẹ họ́nímúùnù.

Kí ẹ má baà sọ pé mi ò ní ètò, Dubai ni mo fojú sí. Mo ti rí òtẹ́ẹ̀lì náà lórí fóònù: wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ẹyẹ méjì sórí ibùsùn, àwọn ẹyẹ náà ń fẹnu kan ara wọn. Mo ti rán àńkò fún èmi àti ìyàwó mi, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀. Kí ni ọkọ àti ìyàwó tuntun ń lọ síbì kan fún, bí kò bá ṣe kí aráyé rí wọn? Kí àgbà kan dá wọn dúró, kó ní ẹ kú oríire. Kí ọmọdé nàka sí wọn. Kí ẹni tó gbé oúnjẹ wá bèèrè pé ṣé ìyàwó tuntun nìyí, kí ọkọ ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sì ki ọwọ́ bàpò.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Láti ìgbà tó bá ti wọ wọ́ọ̀dù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wọn kì í yé pè é. "Olówó orí mi," ló wí fún mi (nígbàkígbà tó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, owó fẹ́ kúrò lápò mi nìyẹn), "ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pè mí ni mo fẹ́ lọ." Mo ní kó pa fóònù. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, ọ̀rọ̀ èèyàn ni. Mo fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi díẹ̀." Kò sí kóòtù mìíràn tí mo tún lè gbé e lọ.

Láti Inverness la ti bọ́ sí ọ̀nà kan tí wọ́n sọ ní North Coast 500 lọ́dún 2015. Ó gba etí òkun àríwá Scotland yí po, ó gùn ní máìlì 516, ó sì tún padà sí ẹsẹ̀ ààfin Inverness. Ọ̀nà ọ̀hún ti wà tipẹ́. Orúkọ àti ìpolówó ló jẹ́ tuntun. Níbi púpọ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Wọ́n wá fẹ ojú ọ̀nà díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún, kí ẹnì kan lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹnì kejì kọjá. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, ní Dùgbẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá yà fún ẹlòmíràn lónìí, ibẹ̀ ni yóò wà dọ̀la. Àwọn ará ibí yìí, bí wọ́n bá rí ọ lókèèrè báyìí, wọ́n ti dúró. Ìwọ náà ti dúró. O ṣẹ́ iná sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀, wọ́n ṣẹ́ iná padà pé ìwọ ni kí o máa bọ̀. Àárín ẹ̀bẹ̀ yìí ni àgùntàn yóò gbà kọjá. Nígbà tó bá wá yanjú, ẹ gbọ́dọ̀ juwọ́ síra yín. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ nídìí ìjuwọ́.

Ní ẹsẹ̀ òkè Bealach na Bà, wọ́n gbé pátákó ńlá kan síbẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ àti àwọn tó ń fa ilé onítáyà pé kí wọ́n má ṣe gun òkè náà. Ó ga tó mítà 626, ó sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Bí wọ́n bá fi ọkọ ìyàwó tuntun kún un, ǹ bá ti yí padà. Nígbà tí a dé ṣóńṣó, ìyàwó mi ní erékùṣù Skye ló wà níwájú wa yẹn. Ìkùukùu ni mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí kòkòrò. Midge ni wọ́n ń pè é, kò gùn tó mìlímítà méjì, inú ilẹ̀ àbàtà ló ti ń pamọ, abo nìkan ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Èémí tí à ń mí síta ló fi ń mọ ibi tí a wà. Ìyẹn ni pé bí ọkọ àti ìyàwó kò bá fẹ́ kó rí wọn, kí wọ́n dákẹ́ mímí. Kì í dá wá, ọ̀wọ́ ni. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kòkòrò lọ, àgọ́ náà sì fẹ́ tẹ̀ lé e. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, àgọ́ fìdí mọ́lẹ̀, kòkòrò dé. A ra àwọ̀n tí wọ́n ń fi bo orí, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó mi ṣe wọ ìbòjú lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù kan ṣoṣo, lọ́tẹ̀ yìí ọkọ náà wọ tirẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ṣebí ilẹ̀ ń ṣú, kẹ́ ẹ sùn. Oṣù Òkúdù ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ lù, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, ó ń wò wá. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, ó ti padà dé.

Òfin Scotland ti ọdún 2003 fàyè gba ẹnikẹ́ni láti pàgọ́ sórí ilẹ̀ gbalasa láìsan kọ́bọ̀. Mi ò gbà á gbọ́. Gbogbo ibi tí a bá ti kan èèkàn mọ́lẹ̀ ni mo ti ń wẹ̀yìn, tí mò ń dúró de ọmọ onílẹ̀ kí wọ́n wá béèrè owó ìpìlẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá. Ó ń dùn mí díẹ̀díẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ náà, èèyàn ṣáà ni. Bó bá ń bá ọ jà, ó kúkú ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Láti abúlé Blairmore, ẹsẹ̀ la fi rìn dé Sandwood Bay, ó lé ní máìlì mẹ́rin nínú òjò tí kì í ti òkè rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó rẹwà. Iyanrìn lọ ju máìlì kan lọ, àpáta gogoro kan dá dúró sínú òkun, ìgbì ń fọ́ lára rẹ̀. Ìyàwó mi na apá méjèèjì, ó ní, "Wò ó, kò sẹ́nì kankan!" Ohun tó sọ pẹ̀lú ayọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bú sẹ́kún lé lórí. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ní Sandwood, ìhòòhò ni mo wà, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lára. Àńkò wà nínú àpò, ó tutù rinrin. Ta ni ǹ bá wọ̀ ọ́ fún?

Mo ṣáà ti fi gàrí pamọ́ sábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Ìyàwó mi ní oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá là ń jẹ, torí ẹrù kò gbọ́dọ̀ wúwo. Mo lọ pọn omi odò wá. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ ti pa omi láró, ó pọ́n bí àgbo ibà. A sè é, a jẹ́ kó tutù, mo da gàrí sí i, gàrí funfun Ìjẹ̀bú di àwọ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ní òun ò jẹ gàrí bù ú nígbà mẹ́rin.

Òjò yẹn ló lé wa wọ Strathchailleach, ahéré olókùúta kan nínú irú èyí tí ẹgbẹ́ Mountain Bothies Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, ń tọ́jú fún arìnrìn-àjò. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí iná, ọ̀fẹ́ ni. Mo béèrè ilé ìyàgbẹ́. Ìyàwó mi nàka sí ṣọ́bìrì. Bàbá bàbá mi, tí kò rí iná mànàmáná dọjọ́ ikú rẹ̀, gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìnkùlé! Ọkùnrin kan, James McRory Smith, dá gbé inú ahéré yìí fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwòrán tó yà ṣì wà lára ògiri. Ìyàwó mi ní ọkùnrin náà mọ ohun tó ń wá láyé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò kó ìyàwó tuntun wá síbẹ̀.

Cape Wrath tí a tún lọ wò ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi kékeré, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì tó ń mi wá jìgìjìgì fún máìlì mọ́kànlá, nínú ilẹ̀ tí àwọn ológun orí omi ti ń fi bọ́ǹbù ṣe ìdánrawò. Ìyàwó mi ní wọn kì í jù ú lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì bá ń ná ọ̀nà. Robert Stevenson kọ́ ilé iná fún àwọn atukọ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1828, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń tan iná náà láti 1998. Àwọn tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n gbé ibẹ̀ ti lọ. Àwa tí a sanwó la dé.

Strathnaver ni mo ti wá mọ ibi tí ọmọ onílẹ̀ wọlẹ̀ sí. Àfonífojì tútù ni, ìpìlẹ̀ ilé olókùúta wà káàkiri inú koríko. Kì í ṣe Ọlọ́run ló sọ ibẹ̀ di aginjù. Lọ́dún 1814, Patrick Sellar, aṣojú ìdílé Sutherland tó ni ilẹ̀, lé àwọn èèyàn jáde, wọ́n finá sí ilé kí wọ́n má baà padà. Owó tí àgùntàn ń mú wá pọ̀ ju owó ilẹ̀ tí èèyàn ń san. Ẹni tó sì gba ilẹ̀ ọ̀hún láti fi sin àgùntàn, Sellar yìí kan náà ni! Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní Inverness lọ́dún 1816, kóòtù dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1819 wọ́n tún lé púpọ̀ sí i. Àwọn kan lọ dá oko sórí àpáta etí òkun, àwọn kan kọjá lọ sí Kánádà. Ẹ wá wò ó: àwọn tó fẹ́ gbé ibẹ̀, wọ́n finá lé wọn, èmi tí mi ò fẹ́, wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi kí n wá gbádùn ìdákẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti bínú mọ́ bí àgùntàn bá jókòó sójú títì tí kò dá fèrè lóhùn. Ó mọ ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé aráyé.

Abúlé Bettyhill ni fóònù ti padà mú. Màmá mi ló kọ́kọ́ wọlé.

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Àwa àti àgùntàn."

"Kò sẹ́ni tó ń dí yín lọ́wọ́?"

"Kò sí, mà."

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa!" Wọ́n sì gbé àdúrà ró. Wọ́n ṣe ti ìbejì, wọ́n ṣe ti abiyamọ, wọ́n wá gbóhùn sókè pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní. Mo ń họ ọrùn, mò ń ṣe àmín. Ẹ̀yìn ìyàwó, tó jẹ́ pé láti Inverness títí dé ibi tí mo dúró sí yẹn, kò tíì mọ nǹkan mìíràn ju ẹní lọ.