Ọkọ̀ Tó Kọ Ọkọ
Bí ọkọ̀ òkun bá kọ ọkọ, kì í di dálémoṣú: wọ́n á tún un kùn, wọ́n á fún un lórúkọ tuntun, wọ́n á sì máa pè é ní ìyàwó. Ọjọ́ orí nìkan ni ọ̀dà kì í bò. Ẹ wo Aureol, tí wọ́n kàn ní Glasgow, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951 nílé ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster. Ó funfun báláú! Òun ló ń kó àwọn ọmọ wa láti Apapa lọ kàwé ní ìlú ọba, tàwọn tàpótí irin, tí àwọn ìyá wọn ń sunkún ní èbúté. Nígbà tí orogún tó ń fò lófuurufú gba èrò mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n tà á lọ́dún 1974, ó di Marianna VI. Ọkọ kejì gbé e dé Jeddah, ó so ó mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di ilé táwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Wọn ò tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un kí wọ́n pè é ní Àlàájà Marianna. À ń fi í rẹ́rìn-ín ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, níbi tí òkun ò yà sí rí, àfi bíi pé ọkọ̀ tiwa ò tilé ọkọ kankan bọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń ná Ìlọrin ṣì ní àkọlé èdè Jámánì gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá kan bèèrè pé, "Dẹ́rẹ́bà, kí ni wọ́n kọ síbí?" Dẹ́rẹ́bà tẹjú mọ́ ọn dáadáa. "Màmá, wọ́n ní kí ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín."