Ẹ̀rọ Kọfí Colchester, Ẹ̀rọ Ata Ilé-Ogbó

Ẹ bá mi bi àwọn òyìnbó léèrè: kí ló wà nínú ẹ̀rọ ìlọkọfí tí wọn ò fẹ́ kí onílé rí? Wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́ ìdí tèmi ní Colchester níbí, pé kò sí ohun tí oníbàárà lè tún ṣe nínú rẹ̀. Ìdè tó so ó pọ̀ sá pamọ́ sábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀, orí wọn sì rí bí ìràwọ̀, kí irinṣẹ́ tó wà nílé má baà wọ̀ ọ́.

Ní Ilé-Ogbó, ẹ̀rọ ata kì í ní àṣírí. Ẹ dé ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílùú tó jẹ́ olú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédìre yẹn, ẹ lè bá a tó tú u palẹ̀ lójú gbogbo èrò: bẹ́líìtì lọ́tọ̀, ẹnu ẹ̀rọ lọ́tọ̀, eyín rẹ̀ méjèèjì nínú omi. Ọmọ kékeré tó gbé ata wá á mú nọ́ọ̀tì kan nílẹ̀, á ní, "Ìyá ẹlẹ́rọ, ẹ ò tíì de eléyìí o."

Ẹ̀rọ kan náà sì ni àwọn méjèèjì, mi ò dá àpárá. Eyín irin méjì ló kojú síra: ọ̀kan dúró gbọn-in, èkejì ń yí. Ohun tí a fẹ́ lọ̀ á bọ́ sáàárín wọn. Èèyàn á yí ohun kan láti sún eyín mọ́ra kó lè kúnná, tàbí kó dẹ̀ ẹ́ kó má kúnná jù. Ṣùgbọ́n tèmi ń lọ kọfí ẹnì kan ṣoṣo láàárọ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ata, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà àkàrà àti ògì gbogbo àdúgbò. Bí mo bá tan tèmi ní ìdájí, aládùúgbò mi á máa gbá ògiri. Tiwọn bá dún ní ìdájí, ìyẹn ni àwọn ológì fi ń mọ̀ pé ó ti yá.

Ìmọ́tótó rẹ̀ ló wá ń dá ìjà sílẹ̀. Òróró ara kọfí máa ń dì mọ́ eyín ẹ̀rọ, á kan, kọfí ọ̀túnla á sì máa rùn bí epo àná. Àwọn kan ní kí n da ìrẹsì tútù sí i kó lè fọ̀ ọ́. Àwọn kan ní ìrẹsì le jù, ó lè pa mọ́tò ẹ̀rọ. Wọ́n tilẹ̀ ń ta hóró kan tí wọ́n fi ọkà ṣe nítorí ẹ̀ nìkan. Mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ìrẹsì? Èló ni kóńgò rẹ̀ lọ́dọ̀ yín?" Omi ni tiwọn, àti ariwo: ẹni tó gbé ògì dé lẹ́yìn aláta kò ní jẹ́ kí wọ́n da àgbàdo òun sí i àfi bí ẹ̀gbọ́n mi bá fọ ẹ̀rọ lójú ẹ̀. Ta ló fẹ́ mu ẹ̀kọ tó ń ta?

Ní 2023, Christopher Hendon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oregon, tí àwọn onímọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín wà lára wọn, gbé ìwádìí jáde lórí ìdí tí kọfí lílọ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. Irú iná kékeré tó ń ta èèyàn lára tó bá ń bọ́ aṣọ nígbà ọyẹ́ ni. Wọ́n ní kí èèyàn wọ́n omi díẹ̀ sí i kó tó lọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó ní, "Ta ló ń lọ nǹkan láì bomi sí i?" Ó gbàgbé èlùbọ́. Mi ò rán an létí, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ìgbà tí tèmi dákú, tó kàn ń kùn láì yí, mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà pé kí n ra tuntun, àwọn á dín owó kù. Ní oṣù keje 2021, òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kí àwọn tó ń ṣe fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tẹlifíṣọ̀n máa pèsè páàtì fún àtúnṣe. Òfin ọ̀hún kò dárúkọ ẹ̀rọ kọfí. Mo bá pe Ilé-Ogbó lórí WhatsApp.

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn. Tàn án. Pa á!" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ó ti gbé òkúta mì. Yọ eyín ẹ̀."

Òkúta ni lóòótọ́, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ eyín rẹ̀, mo dè é padà, ó ń ṣiṣẹ́.

Kí n má pọ́n ilé lé jù ṣá. Eyín ẹ̀rọ ata ń jẹ, irin tó sì ń jẹ kúrò lára rẹ̀ kò lọ ibòmíràn bí kò ṣe inú ọbẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni ẹlẹ́rọ tó mọṣẹ́ kì í fi jẹ́ kó yí lófìfo, tó sì ń fi àgbàdo tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ pa eyín tuntun lẹ́nu kó tó gba ti oníbàárà. Èéfín dísù ẹ́ńjìnnì wọn náà kì í ṣe lọ́fínńdà.

Ẹ̀rọ tí màmá wa fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, Premier ni wọ́n kọ sí i lára. Iṣẹ́ R. Hunt ni, ní Earls Colne, Essex, tí bọ́ọ̀sì ń lọ láti Colchester níbi tí mo wà yìí. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1825. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn nígbà tí mo sọ fún un.

"Bá mi ra eyín ojúlówó bọ̀ nígbà náà."

Mo ní wọ́n ti kógbá sílé láti 1988.

"Ó dáa, ti Íńdíà wà ní Odò-Orí, n'Ìwó. Ti àwọn tó ń rọ ọ́ ní Nàìjíríà níbí náà wà." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ti kọfí rẹ ńkọ́, wọ́n ń ta eyín tiẹ̀?"

"Wọn kì í tà á, Àǹtí."

"Fi tépù wọ̀n ọ́n, kí n bá ọ béèrè ní Odò-Orí."