Costain Wà O! Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Oníkọ̀ǹpútà

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré,

Ṣé kọ̀ǹpútà ń jẹun? Mo ní kí n kọ èyí síta gbangba, kí ará àdúgbò bá wa dá ẹjọ́ náà, torí tí mo bá fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, wàá kà á, wàá fi àwòrán ẹ̀rín kékeré dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Sátidé tó kọjá lo gbé ẹ̀rọ rẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Costain nílùú Èkó, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó. O ní o ti kọ́ ọ ní Yorùbá. O ní lọ́jíìkì ni gbogbo èdè, pé irú òfin tí wọ́n fi ń tú èdè Síńhálà palẹ̀ ní Sri Lanka lo fi tú tiwa. Mo mi orí. Mo tiẹ̀ ra mínírà fún ọ.

Àfi bí oníbàárà mi kan ṣe wọlé tòun ti fóònù. Ó ti tẹ ọ̀rọ̀ kan sí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, láìsí àmì, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe: "Oko mi baje ni Costain." O ní ká fún ẹ̀rọ rẹ jẹ. Ẹ̀rọ ronú, ó ní ọkọ ìyá náà ló bàjẹ́ ní Costain. Bẹ́ẹ̀, danfó ni ìyá ń sọ, gíà rẹ̀ ló kọṣẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Òun náà ti bàjẹ́ tipẹ́, àmọ́ kì í ṣe ní Costain."

Lo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́. (Ẹ̀karùn-ún wà tí o fò. Mo mọ ìdí tí o fi fò ó. Ìyá ń gbọ́.)

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi rù ọ́. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà fún lẹ́tà "ẹ", ó ní fún "é", ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Lẹ́tà gba ọ̀kan, àmì orí rẹ̀ gba òmíràn. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tó ti gbó, àmì á fò lọ gun lẹ́tà tó wà níwájú bí èrò tó jókòó lé ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ nínú danfó. Mo ti tẹ ìwé ìsìnkú tí orúkọ olóògbé di àpótí kéékèèké. Àwọn ọmọ òkú fẹ́rẹ̀ẹ́ sin èmi náà.

Àmì ọ̀hún gan-an kì í dúró sójú kan. "Ó rà á" la ń wí, ṣùgbọ́n "ó ra ọkọ̀." Ọkọ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ba ọkọ̀ jẹ́: ọ̀rọ̀ ìṣe là sí méjì, ó fi ọkọ̀ sáàárín. O ní ti Síńhálà máa ń jókòó sí ìparí gbólóhùn jẹ́jẹ́. Tiwa kò jókòó. Ẹ̀rọ rẹ wá "bàjẹ́" títí, kò rí i.

Àwọn tó kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá ṣáájú rẹ kò pariwo tó báyìí. Ní 2014, Olúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Ifẹ̀ tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè sọ fígọ̀ di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Lọ́jíìkì pọ́ńbélé nìyẹn: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni 500, ọgọ́rùn-ún dín nínú igba mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó mọ èyí gbọ́n ju kọ́ńdọ̀ lọ, tó jẹ́ "fáìfù họ́ńdírẹ̀dì" nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbowó? Ní 2021 ẹ̀wẹ̀, David Adelani àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tó lé ní 20,000, látinú ìròyìn, àsọyé àti fíìmù. O yọ ṣùtì sí i, o ní àkójọ lásán ni. Èmi fẹ́ràn alákòójọ. Ó kéré tán, ó ń tẹ́tí.

Ká tiẹ̀ mú lọ́jíìkì tí o fi ń fọ́nnu. Ẹ̀rọ rẹ ní ọ̀kan náà ni "Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló ń lọ sí Costain" àti "Gbogbo ọkọ̀ ni kò lọ sí Costain." Lọ dúró ní Ojúẹlẹ́gba nígbà tí òjò ṣú. Tí wọ́n bá sọ èkíní fún ọ, wàá dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá sọ èkejì, wàá ká ṣòkòtò sókè, wàá máa fẹsẹ̀ rìn. "Kọ́" bíńtín yìí ló là wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tí o fẹ́ràn tó yẹn, wọ́n lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ méjèèjì, kí o máa wojú ẹni tó sọ ọ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni "Costain wà o!" Ẹ̀rọ ní: ibì kan wà tó ń jẹ́ Costain. O yọ̀ ṣìnkìn, o kọ E tó kẹ̀yìn síni sórí bébà mi, o ní bí lọ́jíìkì ṣe ń kọ "wà" nìyẹn. Irọ́ kọ́. Costain wà, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ akọ́lé òyìnbó kan ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n èrò wo ló ń sọ ìtàn ìlú fún dírẹ́bà ní aago méje àárọ̀? Ó fẹ́ sọ̀ ni!

Sátidé tó ń bọ̀, fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yábàá. Wọ danfó ní Ojúẹlẹ́gba, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mú ìwé àti bírò dání. Ìyá ọlọ́kọ̀ ní òun fẹ́ rí ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kù nípa ọkọ òun tí ẹ̀rọ rẹ máa túmọ̀. Tí ẹ bá ti kọjá Alákà, la ẹnu rẹ, kí o ké "Costain wà o!" Tí o bá ṣì ń fi lọ́jíìkì rò ó lọ́kàn, orí Afárá Èkó ni ilẹ̀ á ti mọ́ ọ, Apọ́ńgbọ̀n ni wàá ti pè mí.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ, atẹ̀wé Costain